Òwú Pupa

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń fi òwú pupa yí ẹsẹ̀ rẹ po,
lẹ́yìn ojúgun, níbi tí ẹran ti ki tẹ́lẹ̀ bí iṣu tuntun,
mo sì ń ta kókó síbi tí òwú bá ti pàdé ara rẹ̀.
Kókó kẹta sún mọ́ ìdí òwú ju ìkejì lọ.
Mi ò sọ fún ọ. O rí i lójú mi.

Ẹsẹ̀ yìí, Shouyi, tó mọ àtẹ̀gùn Chongqing ní oókan-oókan,
tó gbé fìríìjì dé àjà kẹsàn-án fún àwọn tí kò fún ọ lómi,
ọ̀pá ọparun léjìká, okùn méjì, òógùn bí òjò.
Ogójì ọdún.
Oṣù mẹ́ta péré lórí ibùsùn, egungun ìbàdí ti jinná,
ẹran ti di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ láì dágbére.

Dókítà Pu fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ, ó dákẹ́
títí mo fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi lórí Jialing.
Ó wo ahọ́n rẹ bí ẹni ń wo ojú ọjọ́.
"Ikùn ni ìyá ẹran ara.
Bí ìyá ò bá rí jẹ, kí lọmọ yóò mu?"
Ó wọn gbòǹgbò aláwọ̀ ìyeyè fún wa,
ká sè é pẹ̀lú adìẹ eegun dúdú, ká má kánjú iná.
"Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í rìn fún èèyàn.
Ẹni tó mu ọbẹ̀ tó tún padà sùn,
ibùsùn ló ń bọ́."

Nírọ̀lẹ́ mo ń tan ewé gbígbẹ tí wọ́n ká bí sìgá,
mo ń mú iná rẹ̀ sún mọ́ abẹ́ orúnkún rẹ,
ibi tí àwọn àgbà ń pè ní Ibùsọ̀ Mẹ́ta:
wọ́n ní ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀, bó bá rí ooru níbẹ̀,
á lè rin mẹ́ta sí i.
"Mẹ́ta? Èló ni wọ́n máa san?"
O rẹ́rìn-ín. Àkọ́kọ́ láti ìgbà òtútù.

Láàárọ̀, lórí òrùlé, láàárín aṣọ tí aládùúgbò sá,
o di irin mú, o na ọwọ́ kan bí ẹni ń ti ọ̀run sókè,
gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó padà, gbì.
Méje. Márùn-ún ni lánàá.
Yuqing pè láti Shenzhen: "Ṣé egbòogi yẹn ń ṣiṣẹ́?"
Mi ò mọ̀. Bóyá gbòǹgbò ni, bóyá adìẹ,
bóyá agídí rẹ lásán.

Ajé òní, mo tún yí òwú po.
Kókó kẹrin jókòó gẹ́lẹ́ sórí ìkẹta.
"Báwo ni?" lo bi mí.
Mo ní: ó dúró lórí àtẹ̀gùn.
Ó ń mí ni.