Málọmọ́

Ọjọ́ Ẹtì ni Ṣógbésàn kú.
Lọ́jọ́ Àìkú ni mo rántí pé ẹnìkan kò tíì jẹun nínú ilé.

Kì í ṣe àlejò. Àwọn àlejò ti jẹ tiwọn,
wọ́n sì ti di ìyókù sínú ọ̀rá.
Mọ́námọ́ná ọkọ mi ni,
tó ká jọ bí òṣùká
sínú àpótí dígí lẹ́yìn àga rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ló ti bá wa gbé ní Ìṣarà,
n kò fọwọ́ kàn án rí.
Oko obì bàbá rẹ̀ ni Tíṣà ti rí i
lọ́jọ́ tí katapílà hú igi ìkẹyìn.
Kò tóbi ju okùn bàtà lọ,
ó fi orí pamọ́ sáàárín ara rẹ̀.
Fìlà ló fi gbé e wálé.
Mo ní, "Tíṣà, ṣé orí yín pé?"
Ó ní, "Kò lóró. Ojú ló ń tì í."

Ó sọ ọ́ ní Málọmọ́.
Mo wò ó. Òun náà wò mí.
A ti pe ẹnìkan lórúkọ yẹn rí nínú yàrá yìí,
ẹni náà kò gbọ́.
N kò bá a jà mọ́.

Àdúgbò sọ tiwọn.
Òjò pẹ́ kó tó rọ̀, ejò lọ́wọ́ nínú.
Ọmọ wọn fìdí rẹmi nídàánwò, ejò lọ́wọ́ nínú.
Ẹ wá wo gbọọrọ nǹkan yìí lórí ikùn rẹ̀,
ẹ fi ọwọ́ hàn mí níbẹ̀!
Ìyá Ọláìtán kò yá ọmọ odó mi fún odidi ọdún méjì.
Wòlíì gbé òróró wá,
ó dé ẹnu ọ̀nà,
ìta ló dúró sí tó fi gbàdúrà.

Lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú, Òdúṣínà àbúrò rẹ̀ dé pẹ̀lú àdá.
"Ìyàwó, ẹ bọ́ sẹ́yìn."
N kò mọ ìgbà tí mo jókòó ti àpótí,
n kò mọ ẹni tó yá ohùn mi sọ̀rọ̀:
"Ẹ lọ pín ilẹ̀. Ẹ pín ọ̀kadà.
Ẹ fi èyí sílẹ̀."

Ẹ̀yìn rẹ́jísítà àtijọ́ kan ni Tíṣà kọ gbogbo rẹ̀ sí.
Òròmọdìẹ kan, lọ́sẹ̀ méjì-méjì.
Omi tútù, nínú abọ́ pẹrẹsẹ.
Bí ojú rẹ̀ bá ṣú bí omi ẹ̀kọ, má dà á láàmú:
awọ ló fẹ́ bọ́, kò ríran dáadáa.
Ṣe sùúrù fún un.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Nínú dígí, lórí òjìji rẹ̀,
ojú tèmi náà ti ṣú.
Òun fi òru kan bọ́ tirẹ̀,
ó fi í sílẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ilé ìwé.
Wọ́n ní kí n wọ tèmi fún oṣù mẹ́ta.

Ọyẹ́ wá dé. Wọ́n mú iná lọ,
gílóòbù tó ń mú àpótí gbóná kú fin-ín.
Rẹ́jísítà kò sọ ohun tí opó yóò ṣe.
Mo ṣí ìdérí. Mo pe Jésù. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó tutù bí ìdí àmù.
Kò sáré. Ó rọra yí mi lọ́rùn ọwọ́,
ó fi orí wọ apá bùbá mi,
ibi tó gbóná.
Wọ́n máa ń ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò
ló ń ṣekú pa ejò.
Mo fà aṣọ ìbora Tíṣà bò wá.

Aago mẹ́ta òru ni iná dé,
gílóòbù tàn, àpótí mọ́lẹ̀ kedere.
N kò tètè dá a padà.