Ìwé Àrọ̀kúrò

Àgbàdo ti wọ àká. Ẹ̀pà ti kúrò nílẹ̀.
Òjò tó kù kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ,
òjò àrọ̀kúrò, tí í ṣe bí àlejò tó gbàgbé fìlà,
tó yà padà wá mú un, tó tún jókòó.
Ní Kétu níbí, tí omi ti jìnnà sínú ilẹ̀,
a ti to korobá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kó tó ṣú.

Mo ti to tèmi. Mo ti jókòó.
Mo ti gbé aṣọ òtútù ọkọ mi wọ̀,
eléyìí tó ku bọ́tìnì méjì péré;
gúgúrú ń bẹ nínú abọ́,
ìwé ń bẹ lórí itan mi.

Mọ́ríìsì ló bá mi rà á ní òdìkejì ibodè,
ó gba Ìlárá wọlé, ó fi í pamọ́ sáàárín kẹ́ẹ̀gì,
ìdí nìyẹn tí gbogbo ojú ewé fi ń rùn bẹntiróòlù.
Ẹ má gbé fìtílà sún mọ́ ọn, mo ti wí tèmi.

Èmi kì í ka ìwé ẹlẹ́kún.
Ẹkún tí mo ti fojú ara mi sun tó ìwé méjì.
Èyí tí mo fẹ́ ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní kú nínú rẹ̀,
àfi adìẹ kan, bóyá, tó sì ti darúgbó.
Nínú eléyìí, ọmọrí ìkòkò kan ló sọnù.
Ọgọ́fà ojú ewé, nítorí ọmọrí ìkòkò!
Ọkùnrin aránṣọ kan ló ń wá a kiri,
ẹni tí kò yanjú ọ̀ràn kankan rí
ju ti òwú tó ta kókó lọ.
Obìnrin tó ń yan búrẹ́dì ń bá a wá a,
wọ́n ti ń bú ara wọn láti ojú ewé kìíní,
gbogbo wa sì mọ ibi tí irú èébú bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Adékambí ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Faransé ló mọ̀ ọ́n kà. Yorùbá tirẹ̀, ẹnu ló mọ.
Èmi ni mo lọ kọ́ ọ ní kíláàsì alẹ́
lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta,
lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, tí eékún mi ń gbé tábìlì sókè.
Á ní, "Irọ́ ni gbogbo rẹ̀."
Á wá sún àga rẹ̀ mọ́ tèmi,
á tú rédíò tí kò bàjẹ́ palẹ̀, pé òun ń tún un ṣe.
Lóru, nígbà tí mo rò pé ó ti sùn:
"Ìyá Fẹ́hìntọlá, ṣé wọ́n ti wo ẹ̀yìn ààrò?"

Òjò dé.
Korobá òfìfo kọ́kọ́ ń ké tantan;
bó ṣe ń kún ni ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀,
títí ó fi ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà tó yó.
Páànù gba ariwo. Mo ń kà á jẹ́jẹ́, ọkọ mi ní, "Ẹ̀n?"
Mo gbóhùn sókè. "Ẹ̀n?"
Ni mo bá figbe bọnu,
ibẹ̀ gan-an ni aránṣọ di ọwọ́ obìnrin náà mú,
tìyẹ̀funtìyẹ̀fun,
mo kígbe "OLÓLÙFẸ́ MI" bí ẹni tílé ń jó,

òjò sì dá. Wàì.
Ohùn mi nìkan ló kù ní gbogbo àdúgbò.

Ó pẹ́ díẹ̀. Láti ẹ̀yìn ògiri, ìyàwó Sànní ní,
"Ẹ dákun, kí lobìnrin náà wí?"

Ojú ewé mẹ́rin ló kù.
Mo fi háhá àgbàdo há a láàárín, mo pa á dé,
mo ní ó dòjò mìíràn,
bí òmíràn bá ṣì wà.
Adékambí dìde, ó lóun ń lọ wo korobá.
Ó ti pẹ́ tó ti dúró nínú ẹrẹ̀ báyìí,
kò wo korobá kankan,
ojú ọ̀run ló ń wò.