Fìtílà Lójú Irin

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń jí.
Ọyẹ́ ti gba gbogbo Òṣogbo,
ètè mi ti sán bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbẹ.
N kì í tan rédíò.
Fóònù wà nínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo,
mo dé e mọ́bẹ̀ bí ẹni dé adìyẹ;
bó bá fẹ́ ké, kó ké sétí ara rẹ̀.

Mo tẹ́ ẹní. Orúnkún mi ráhùn kó tó gbà.
Mo ṣáná sí àbẹ́là kan ṣoṣo,
torí ọ̀sẹ̀ kìíní Bíbọ̀ Olúwa la wà,
mẹ́ta yòókù ń sùn nínú páálí wọn.

Ìbùkúnolú, ọmọ ọmọ mi, yọ orí láti yàrá:
“Bàbá àgbà, kí lẹ ń ṣe?”
Mo ní mo ń dúró.
“Ẹ ń dúró de ta?”
Mo ní, Ẹni tó ń bọ̀.
Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wò mí. Ó padà lọ sùn.

Ẹ má rò pé inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi di fìtílà mú ní sítéṣọ̀n wa níbí,
aṣọ kakí lọ́rùn, bàtà tí ìṣó rẹ̀ ń gún mi lẹ́sẹ̀,
nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń ti Ìbàdàn bọ̀ lóru.
Ẹni tó ń dúró de réluwéè kì í sáré.
Eré rẹ ò ní kó tètè dé.
Nu gíláàsì fìtílà rẹ, wo epo inú rẹ̀,
kó o wá dákẹ́.
Bó o bá dákẹ́ dáadáa, tó o tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀,
irin ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ,
kí etí tó gbọ́, kí ojú tó rí:
gbígbọ̀n kékeré kan,
bí ìgbà tí ọmọ bá yí padà nínú ìyá rẹ̀.

Koríko ti ga níbẹ̀ báyìí. Ewúrẹ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Mo mí sínú, mo ní, “Máa bọ̀.”
Mo mí síta, n kò sọ nǹkan kan.
Nígbà míì, ẹsẹ Bíbélì kan ni mo máa ń fà mu
bí ẹni fa ọ̀rá inú egungun, n kì í kánjú gbé e mì.
Nígbà míì, ká má purọ́, oorun ló ń gbé mi lọ,
tàbí kí n máa ro owó ìfẹ̀yìntì tí wọn ò tíì san,
tàbí bí Àwẹ̀ró ṣe máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀.
Ọdún kẹfà rèé.
Àga rẹ̀ wà lápá òsì. Nínú oṣù yìí, n kì í kó aṣọ lé e.
Mo fi í sílẹ̀ lófìfo, kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ de àlejò.

Lánàá, Bàbá Ìjọ Fáṣọyin ní àwọn ọ̀dọ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin Kérésì,
iná aláràbarà ti ń ṣẹ́jú ní Òkè-Fìà.
Mo ní, ẹni tó ń ṣí ìkòkò wò ṣáá
ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wà jinná.
Ẹ jẹ́ kí òkùnkùn ṣú dáadáa ná;
àbẹ́là ò níyì lọ́sàn-án gangan.

Ládàánì ti ń pe ìrun ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ìyá Fadérera ti mú ìgbálẹ̀ lágbàlá kejì,
ṣàà, ṣàà, ó dúró, ó wúkọ́, ṣàà.
Ìbùkúnolú tún dé, ó wọ́ aṣọ ìbora rẹ̀ nílẹ̀,
ó jókòó tì mí.
“Ṣé ó ti dé?”
Kò tíì dé.
Mo ní kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.
Ó ní sìmẹ́ńtì tutù.
Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni. Má tíì gbé e.