Ọkọ̀ Tí Kò Tan Iná

Lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
bàbá mi a jókòó sórí pákó ọkọ̀ tó ti jẹrà,
a máa wo iná òdìkejì.
Iná ilé mẹ́ta, iná mọ́ṣáláṣí,
iná ẹnìkan tí kì í tètè sùn.
Wọ́n á na ara wọn gbọọrọ sórí omi
bí okùn àwọ̀n tí wọ́n sá.

Nígbà mìíràn, okùn iná náà á wọ́.
Kò sí afẹ́fẹ́, kò sí ìró ẹ́ńjìnnì,
á kàn ṣàdédé tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja,
á là sí méjì, á tún so pọ̀.
"Ọkọ̀ kan ń kọjá," bàbá mi á wí.
"Láti Èjìnrín ló ti ń bọ̀. Igi gẹdú ló kó,
omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ etí rẹ̀."
Èmi ò rí ọkọ̀ kankan.
"Ta ló ní kí o wá ọkọ̀?
Iná ni kí o máa wò, Mùtíátù."

Lónìí, àwòrán kan wà lójú kọ̀ǹpútà mi:
àwọn ìlú ìràwọ̀ ṣù jọ bí ẹja wẹ́wẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀ Olúwo.
Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, jìnnà ju jíjìnnà,
ni ìmọ́lẹ̀ àwọn ará ẹ̀yìn ti ń bọ̀.
Kò gba tààrà.
Bó ti dé ẹ̀bá agbo yìí ló wọ́,
ó tẹ̀ bí èékánná, bí ọrun ọdẹ;
òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ ká bí òrùka.
Ìlú ìràwọ̀ kan ṣoṣo yọ níbi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀
bí onígbèsè tó ń purọ́ ibi tó ń gbé.

Mo wọn bó ṣe tẹ̀. Mo ṣírò:
bó bá tẹ̀ tó báyìí, ohun tó tẹ̀ ẹ́ á wúwo tó báyìí.
Mo wá kó gbogbo ìràwọ̀ ibẹ̀ jọ,
mo fi gáàsì gbígbóná àárín wọn lé e.
Kò tó.
Kò tilẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún.
Ìyókù dà?
Ìyókù wà níbẹ̀. Kò tan iná ni.

Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi lórí fóònù.
"Kí ló kó?"
Mo ní a kò tíì mọ̀.
"Ẹ mọ bó ṣe wúwo, ẹ ò mọ ẹrù?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
"Fàyàwọ́ ni nígbà náà."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí i.
Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Èmi ni mo wá ń wo iná fún un.
Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú iná lọ lódìkejì,
gbogbo ọ̀sà dúdú bíríbírí,
kò sí ohun tí ohunkóhun lè tẹ̀.
"Kí lo rí?"
"N ò rí nǹkan kan."
A dákẹ́.
Ó pẹ́ kí omi tó gun orí ẹsẹ̀ wa,
lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú agbára díẹ̀,
bàbá mi sì fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè.
"Ìyẹn wúwo," ló wí.