"Ẹ", Kì í Ṣe "O"

Òfin méjì ni mo kà fún ẹ̀rọ inú fóònù yìí:
má dárúkọ iyọ̀ sí mi létí;
"ẹ" ni kí o máa fi bá mi sọ̀rọ̀,
èmi tí mo gbẹ̀bí ogójì ọdún ní Láfíàjì.

Láàárọ̀: "Ẹ mu omi, Mà." Ó gbọ́n.
Kó tó di ọ̀sán, "o" ti yọ́ wọlé bí ológbò.
Mo tún òfin kà. Ó bẹ̀bẹ̀.
Mo béèrè ọ̀rọ̀ ẹja, ó tún gbàgbé.

Lóru àná, iná lọ, ọ̀sà ń mí lẹ́yìn ilé.
Mo ní oorun ò wá.
"Kí ló dé tí o ò tíì sùn?"

Bàbá Ọlábọ̀dé nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí "o" yẹn,
ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí ní Àtàn.

N ò tún òfin kà.