Ọgọ́rin Dín Pẹ́nì Kan

Oṣù Kọkànlá, òjò Ṣẹ́fíìdì ń rọ̀ bí ẹni tí kò kánjú,
mo sọ̀kalẹ̀ nínú tírámù lẹ́bàá ilé ìtajà kan
tó fẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù, tí kò ní fèrèsé.
Pátákó pupa ló kí mi kí ènìyàn tó kí mi:
ẸDÍNWÓ! ÒPIN Ọ̀SẸ̀ YÌÍ NÌKAN!
Dírìlì tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí
jókòó sórí àtẹ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.
Ogóje dín pẹ́nì kan, wọ́n fa ìlà pupa gba orí rẹ̀ kọjá;
ọgọ́rin dín pẹ́nì kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀.
Ọgọ́ta pọ́n-ùn ti bọ́ sí mi lápò, ni wọ́n wí,
èmi tí n kò tíì yọ kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ iye yìí.
Àwọn tó kọ ọ́ ń pè é ní mọ́kàndínlọ́gọ́rin
pẹ̀lú ìrù gígùn kan tí ojú kì í bá lọ.
Èdè ìyá mi kò gba irú àrékérekè bẹ́ẹ̀:
ọgọ́rin ló kọ́kọ́ pè, kó tó ní pẹ́nì kan jábọ́.
Àwa la ni ìṣírò ẹ̀dín.
Mẹ́rìndínlógún: ogún ti wà nílẹ̀ kí a tó mú mẹ́rin kúrò;
bí ogún ò bá sí, kí la fẹ́ dín?
Ṣùgbọ́n ogóje tí wọ́n fàlà sí yìí,
ta ló rí i láàyè?

Mo mọ̀, nítorí pé ní oṣù Kẹfà
mo fi ìṣó ha iye rẹ̀ sábẹ́ ìdérí àpótí iṣẹ́ mi:
ọgọ́rin dín pẹ́nì kan. Iye kan náà. Dírìlì kan náà.
Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n gbé e lọ sórí àtẹ òkè
níbi tí ọwọ́ ò tó, wọ́n lẹ ogóje mọ́ ọn láyà,
ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, kò sẹ́ni tó rà á.
Wọ́n gbé e gun àkàsọ̀ kó lè rí ibi já bọ́.

Àbúrò mi Moróhunfólú, tó ń ṣiṣẹ́ omi-ẹ̀rọ ní Rọ́dáràmù,
ra àpótí sípánà aláàádọ́jọ ẹyọ ní ìdajì owó.
Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, lábẹ́ síǹkì arúgbó kan,
eyín sípánà yọ dànù, ẹnu rẹ̀ di ti ọmọ ọwọ́.
Ìdajì owó lóòótọ́:
ìdajì tó kù ni yóò fi ra òmíràn.

Mo fi dírìlì sílẹ̀. Kì í ṣe ìbínú;
tèmi àtijọ́ ṣì ń lu igi, bátìrì nìkan ló ń rẹ̀ ẹ́.
Ní Sátidé mo bọ́ sí ọjà àlòkù.
Tòkunbọ̀ là bá pè é nílé, ṣùgbọ́n níbí,
èmi gan-an ni mo ti òkun bọ̀.
Opó kan, Dórìn, pàtẹ irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ sórí aṣọ tábìlì.
Ayùn kan, àtẹ́lẹwọ́ ẹlòmíràn ti mú èkù rẹ̀ dán,
orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fín sára irin.
Pọ́n-ùn méjìlá. Kò fàlà pupa sí nǹkankan.
Mo ná an ní mẹ́jọ, kí ẹnu mi má baà gbàgbé.
Ó ní, "Ọjọ́ Àìkú gbogbo ni Sírílì ń fi òróró pa á."
Mo san méjìlá.
Ó tú agolo kan wò, ó mú pẹ́ńsù káfíńtà lé e,
ìdajì rẹ̀ ti tán, ojú eyín wà lára rẹ̀.
N kò bèèrè èénì. Kò mọ̀ pé èénì ló ń jẹ́.

Lálẹ́, ayùn náà wọnú pákó bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé.
Mo ṣí ìdérí àpótí; lábẹ́ iye tí mo fi ìṣó ha,
mo fi pẹ́ńsù Sírílì kọ ọ́: ayùn, méjìlá.
N kò dín nǹkankan.