Eyín Wúrà Sùwébátù

Ilé kéwú wa l'Ódínjó kò ní fèrèsé.
Mùálíìmù Gàníyù fi ẹgba tọ́ka sí ògiri, ó ní ibẹ̀ ni àríwá:
"Ọba kan jẹ rí ní Málì, ó ní wúrà bí ẹni ní iyanrìn.
Ó gbéra, ó di Mẹ́kà.
Ràkúnmí ń rìn, ẹrù wúrà ń mì lẹ́yìn ràkúnmí.
Ó dé Mísírà, ó ń fọ́n ọn bí ẹni fọ́n ọkà fádìẹ,
títí owó wúrà fi já wálẹ̀, tí àwọn oníwúrà káwọ́ lérí.
Wọ́n ní yíyá ló yáwó bọ̀ wálé."

Àwa bú sẹ́rìn-ín. Ọba, gbèsè!
Ó gbá wàláà mi, pá!
"Ìwọ, kí ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn tí bàbá rẹ ń ṣe?"
Mo ní, "Ìmàle."
"Tún un pè. Díẹ̀díẹ̀."
Ì-màle.
"Ṣé o gbọ́ Málì nínú ẹnu ara rẹ?"

Ìyá ìyá mi kò ní ràkúnmí.
Aláró ni; apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá,
kódà lọ́jọ́ Ìtúnu.
Agolo mílíìkì mẹ́ta, ọdún mẹ́tàdínlógún,
kó tó fò lọ, kó tó fò bọ̀.
Ó kó dàbínù bọ̀, ẹyọ kan fọ́mọ kan,
omi Sàmúsàmù nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré,
àti eyín wúrà kan, lókè, lápá òsì.
Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, a ó máa ti ara wa ká lè rí i.

Ọba Málì sọ wúrà di ọ̀pọ̀.
Eyín Sùwébátù sọ agolo di ọ̀wọ́n:
kò pé oṣù mẹ́ta, kò sí aláró kan
tó ju agolo mílíìkì nù mọ́ ládùúgbò wa.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn,
Bùrọ̀dá Múkáílà, tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Eyín yẹn ńkọ́? Wúrà ti gbówó lórí l'Ágbẹni."
Obìnrin tó ń wẹ òkú nu ọwọ́.
"Wọlé. Wá la ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ."

Ó wọlé.
Ó pẹ́.
Nígbà tó jáde, bàtà ẹlòmíì ló wọ̀.
Kò sẹ́ni tó bi í.

A sìn ín kí oòrùn tó kan àtàrí,
ojú rẹ̀ kọ Mẹ́kà, ẹnu rẹ̀ pa dé.
N kò mọ̀ bóyá wúrà náà ṣì wà níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n ní ìdájí Sátidé, mo bá Múkáílà lẹ́nu ẹ̀rọ omi,
ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó ń fọ agolo mílíìkì kan.